Bí A Ṣe Gba Àwòrán Kẹ́hìndé Lọ́wọ́ Afojúwéra

Ẹ sún mọ́bí. Ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́, n kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ti há wa mọ́ abẹ́ ahéré yìí. Kó tó dá, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè lọ sínú igbó náà fúnra rẹ̀. Mo mọ ọ̀nà. N kò ní tẹ̀ lé e.

Èmi ni Ọdẹ́lékè. Mo ti pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró. Ẹfọ̀n ló yà. Ẹ má bi mí ìdí tó fi yà. Ẹ lọ bi ẹfọ̀n.

Nígbà tí orúnkún mi ṣì le, ayafótò kan wà nílùú wa tó ń jẹ́ Oyèéwùmí. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbéyàwó, tó jẹ oyè, tàbí tó sọmọ lórúkọ, tí kò jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀, àfi èmi. Fótò wá kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà. Ó wà nínú páálí, ó wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà nínú ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se iṣu tẹ́lẹ̀. Bí o bá lọ béèrè fótò bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wàá jókòó, wàá sùn, wàá jí, yóò ṣì máa wá a.

Àṣà kan wà nílùú wa tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafótò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì. Á gbé e jókòó sí apá kan, á yà á. Á tún gbé e sí apá kejì, pẹ̀lú aṣọ kan náà, torí pé aṣọ kan náà ni ìbejì ń wọ̀. Á wá da méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Ìyá á gbé e kọ́ sí yàrá. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì á wà níbẹ̀ tí wọ́n jókòó ti ara wọn.

Irú fótò bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, aya alágbẹ̀dẹ. Kẹ́hìndé ti lọ láti orí ẹní. Táyé ló kù, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan wọ ṣọ́ọ̀bù Oyèéwùmí. Fìlà rẹ̀ bò ó dé imú. Ó wo òkìtì fótò, ó ní, “Ayafótò, kí lo ń fẹ́ gan-an?”

Oyèéwùmí ń wá fótò kan lọ́wọ́, inú ń bí i. Ó ní, “Mo fẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan wà láyè tirẹ̀, kí n lè rí i kí oníbàárà tó fìdí kan bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ kí gbogbo àbàwọ́n kúrò lára wọn. Èyí tó bá sì jẹ́ méjì, kó di ẹyọ kan, kí àyè lè gbà mí.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.”

Ẹyin ni ohùn. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù tò bí eyín ọ̀dọ́mọbìnrin. Gbogbo ojú wà láyè rẹ̀. Oyèéwùmí jó. Oòrùn kò tíì gun òkè tí Àwẹ̀ró fi dé, ó gbé férémù rẹ̀ dání.

“Bọ̀dá Fótò, ọmọ mi dà?”

Táyé nìkan ló jókòó nínú fótò náà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ẹfun.

Oyèéwùmí mú fíìmù àtijọ́, ó tún un tẹ̀. Apá kan yọ, apá kan ṣófo. Ó gbé Táyé wá, ó tún un yà níbi tí Kẹ́hìndé máa ń wà. Àga nìkan ló yọ. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló ń ṣiṣẹ́: ojú kan, ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ náà ni Táyé kò ti jẹun mọ́. Ó ní àga ẹ̀gbọ́n òun ti ṣófo, òun fẹ́ lọ wá a. Ìyá rẹ̀ gbé e bọ́ síta, ó ní kí n wo ilẹ̀. Mo wò ó. Òjìji ìyá dúdú. Ti ọmọ ti ṣá, ó dà bí omi ìṣanwọ́ tó ń gbẹ lórí amọ̀.

Àwẹ̀ró ní, “Bọ̀dá Ọdẹ, àná kò tó báyìí.”

Mo ní, “Gbé e wọlé. Má jẹ́ kí oòrùn rí i.”

Mo lọ wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ipa ẹsẹ̀ àlejò náà ṣì wà nínú erùpẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ kọjú sẹ́yìn, gìgísẹ̀ kọjú síwájú. Igbó kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń rìn bẹ́ẹ̀, òun ni Igbó Olójìji. Mo so ìbọn kọ́ èjìká. Oyèéwùmí ní òun ń bọ̀.

Mo ní, “O kò mọ igbó.”

Ó ní, “Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Ṣé ẹnu tìrẹ ló máa tún un ṣe? Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀.”

Mo jẹ́ kó tẹ̀ lé mi.

*

Olùṣọ́ kan dúró lẹ́nu igbó náà. Kò ní ojú, kò ní imú. Iwájú orí rẹ̀ tẹ́jú bí ẹ̀yìn àwo. Inú ikùn rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀.

“Kí lẹ wá?”

Oyèéwùmí ní, “Fótò kan ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Fótò ta?”

“Ti ọmọ kan.”

Ikùn rẹ̀ mì fún ẹ̀rín. “Ti ọmọ kan. Ẹni tó wọ ọjà tó ní òun wá ra nǹkan, kí ni kí wọ́n wọ̀n fún un? Ẹ padà.”

Mo ní, “Kẹ́hìndé ni. Àwẹ̀ró aya alágbẹ̀dẹ ló bí i. Apá ọ̀tún Táyé ló jókòó sí. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni.”

Olùṣọ́ yà lọ́nà. “Ọ̀rọ̀ rẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní orí àti ẹsẹ̀. Ẹ kọjá. Fótò tí ẹ kò bá wá, ẹ má wò ó.”

Ìlú Òkìtì ló wà lẹ́yìn ibẹ̀. Fótò ni ilẹ̀ rẹ̀, fótò ni òkè rẹ̀. Gbogbo àwòrán tí aráyé yà tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló ń dà sí. Àwọn ènìyàn kúnlẹ̀ káàkiri, wọ́n ń fọwọ́ wa á. Mo kí obìnrin arúgbó kan. Kò gbójú sókè.

“Fótò ìgbéyàwó mi ni mò ń wá, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀. Ọkọ mi ń dúró dè mí nílé, mi ò tíì bímọ.”

Orí rẹ̀ ti funfun bí òwú.

A rìn. Mo tẹjú mọ́ ẹnu ìbọn mi, n kò wo ilẹ̀. Oyèéwùmí ń bẹ lẹ́yìn mi, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí.

“Ọdẹ́lékè, wo èyí. Èmi ni mo yà á. Wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́.”

“Gbójú kúrò.”

“Mo fẹ́ wò ó díẹ̀ ni.”

Nígbà tí mo yíjú, ó ti rì dé orúnkún. Kò mọ̀. Ó tún mú òmíràn. Ó rì dé ìbàdí. Fótò ń gòkè lára rẹ̀ bí eṣúṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá a lójú pé kó wo òun. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ọkùnrin tó ń kú lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo tú okùn ìbọn, mo jù ú sí i. Ọwọ́ kan ló fi dì í mú.

“Ju fótò yẹn nù, kí o fọwọ́ méjèèjì dì í.”

“Iṣẹ́ mi tó dára jù lọ nìyí.”

“Bí o bá kú síbí, ta ni yóò ya òkú rẹ?”

Ó rò ó. Ó rì dé àyà. Ó jù ú nù. Mo fa okùn títí ẹ̀jẹ̀ fi sun ní àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò wo ọ̀kan nínú àwọn ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo ń wò.

Láníyonu, ìwọ ọ̀dọ́ ọdẹ ẹ̀yìn yẹn, mo rí ẹ̀rín rẹ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, fótò mélòó ló wà nínú rẹ̀? O kò mọ̀. Wá fótò ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ lórúkọ jáde fún mi báyìí. Kò yá. Ìwọ náà ti rì dé orúnkún.

*

A dé odò kan tí omi rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin kan jókòó sórí òkúta àárín rẹ̀, ó ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ fótò. Anujú ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, “Kò sí ẹni tó ń gba ibí kọjá pẹ̀lú àbàwọ́n lára. Ẹ wá, kí n nu ojú yín.”

N kò tíì dáhùn tí Oyèéwùmí ti na ojú sí i. Ó ní iṣẹ́ òun náà nìyẹn, òun fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é. Anujú nù ún. Ìhunjọ ojú rẹ̀ lọ. Ó tún un nù. Ewú lọ. Oyèéwùmí wo omi, ó yọ̀.

“Ọdẹ́lékè, mo ti di ọ̀dọ́ padà.”

Ó tún nù ún. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, àbàjà tí bàbá rẹ̀ fún un. Ojú náà dán bí ẹyin. Ó sì dákẹ́. Oyèéwùmí dákẹ́.

Mo ní, “Ọmọ ta ni ọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo igi.

“Kí lorúkọ rẹ?”

Ètè rẹ̀ ṣí, nǹkan kan kò jáde. Anujú ti ń rẹ kànìnkànìn sómi láti tún un nù. Mo gbé ìbọn sókè. Ó wo ìbọn náà, ó ní, “Bí mo bá nu ihò ẹnu rẹ̀ kúrò, ibo ni ọta á gbà jáde?” Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Agbára kọ́ ni wọ́n fi ń gba gbogbo nǹkan.

Mo kúnlẹ̀. “Ìyá, ohun tí ẹ ń nù kúrò, ibo ni ẹ ń kó o sí?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí òkúta yìí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.” Ó gbé igbá ńlá kan jáde lábẹ́ omi, ó ṣí i. Àpá wà nínú rẹ̀, omijé wà nínú rẹ̀, ìhunjọ ojú, ilà, eyín wíwọ́. “Ẹni tó bá tún ojú ṣe tó sì da ojú àkọ́kọ́ nù, apànìyàn ni. Èmi kì í da nǹkan kan nù. Aṣọ ni mo kàn ń wọ̀ lé ojú. Ojú gan-an wà lábẹ́ rẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ aṣọ náà kúrò lára ọ̀rẹ́ mi.”

Ó mú ilà, ó lẹ̀ ẹ́. Ó mú ewú, ó wọ́n ọn. Oyèéwùmí mí kanlẹ̀, ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọkún. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un.

Nígbà náà ni mo rí ohun pupa kan létí igbá. Epo pupa ni, kò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ.

Anujú ní, “Ẹnu ọmọ kan ni mo ti nu ìyẹn. Fótò ọmọ méjì. Èyí tó wà lápá ọ̀tún. Afojúwéra, onífìlà tó bò ó dé imú, ló gbé e wá.”

Oyèéwùmí jókòó sínú omi. “Àwẹ̀ró,” ló wí. “Gbogbo ìgbà tó bá se ẹ̀wà, á ti ìka bọ epo, á fi kan Kẹ́hìndé lẹ́nu nínú fótò kó tó bu ti Táyé. Mo máa ń bá a jà pé ó ń fi ìdọ̀tí ba iṣẹ́ mi jẹ́.”

Mo ní, “Ìdọ̀tí lo pè é.”

Ó dìde nínú omi.

Mo bẹ Anujú kó fún mi ní epo náà. Ó ní kí n fi àpá ẹkùn tó wà léjìká mi gbà á. Mo ní rárá, ẹkùn náà sanwó rẹ̀ kó tó fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó mọ iyì àpá ara rẹ̀ kò ní sọ ti ẹlòmíràn nù. Ó ká epo náà sínú ewé fún mi, ó sì jẹ́ ká kọjá.

*

Ilé Afojúwéra gùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí òpin rẹ̀. Ihò kéékèèké ló kún ògiri rẹ̀ bí afárá oyin, ojú ènìyàn kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdọ̀tí. Kò sí ariwo. Ọ̀gbun kan wà láàárín ilé, ibẹ̀ ló ń ju ìkejì sí.

Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀. Ojú pọ̀ lórí rẹ̀ bí kóró inú ìbẹ́pẹ, gbogbo wọn là.

“Ayafótò,” ló wí, “ṣé iṣẹ́ mi kò dára ni?”

Oyèéwùmí ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n o mú ọmọ ọlọ́mọ.”

“Mo mú ìkejì. Ìwọ ló rán mi.” Ó na ọwọ́ sínú ọ̀gbun, ó fa bébà kan jáde. Ó na ọwọ́ kejì sínú ihò kan, ó fa òmíràn jáde. Ó tẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ọmọ kan, aṣọ kan, ilẹ̀kùn búlúù kan. “Ojú wọn kò yàtọ̀, etí wọn kò yàtọ̀. Ènìyàn mélòó lo gbé jókòó níwájú kámẹ́rà? Bí o bá purọ́ nínú ilé yìí, ìwọ náà á wọ ọ̀gbun.”

Mo rí i tí òógùn bọ́ lójú Oyèéwùmí. Bó bá sọ òótọ́, Kẹ́hìndé lọ. Bó bá purọ́, òun náà lọ, Kẹ́hìndé á sì tún lọ.

Ó ní, “Ẹyọ ọmọ kan.”

“Ó tán,” ni Afojúwéra wí. Ó mú bébà kan, ó gbé e sókè lórí ọ̀gbun.

Mo ní, “Dúró. O bi í pé ènìyàn mélòó ló yà. O kò bi í pé ènìyàn mélòó ló wà níbẹ̀.”

Gbogbo ojú rẹ̀ yí sí mi.

“Kí ni ìyàtọ̀?”

“Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tó ń bọ́ ọ nínú fótò. Tẹ́ wọn sílẹ̀. Dà wọ́n rú bó bá ti wù ọ́. Èmi ni mo máa fi ìyàtọ̀ hàn ọ́.”

Ó dà wọ́n rú. Oyèéwùmí sọ sí mi létí pé òun tó yà á gan-an kò mọ èwo ni èwo mọ́. Mo ní kó lọ jókòó.

Ẹ gbọ́. Nǹkan tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ kò ní nìyí. Ẹ mọ ìbọn yìn. Ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ nǹkan. Ẹran tí o kò bá mọ ibi tó wà, o kì í lé e. O máa gbé ohun tó ń jẹ sílẹ̀, o máa jókòó, o sì máa pa ẹnu rẹ mọ́.

Mo ṣí ewé epo náà, mo gbé e sáàárín bébà méjèèjì. Mo jókòó.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Afojúwéra ní, “Ṣé ó tán?” N kò fèsì. Oyèéwùmí fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wò ó, ó gbé e mì. Mò ń rántí òjìji Táyé lórí amọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Èékánná Afojúwéra ń kan ilẹ̀, kó, kó, kó. Ó na ọwọ́ sí bébà. Ó kù díẹ̀ kó mú un.

Orí kékeré kan yọ láti inú èyí tó wà lápá òsì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹtu tó fẹ́ mu omi. Ó yọ ahọ́n, ó lá epo náà. Ó padà jókòó. Ẹnu rẹ̀ pọ́n.

Èkejì kò mira.

Mo ní, “Táyé ń jẹun láyé, fótò rẹ̀ kì í jẹun. Kẹ́hìndé kò ní ibòmíràn tó ti ń jẹun. Ojú rẹ pọ̀, Afojúwéra. Bi wọ́n léèrè, bóyá èyí tí kò rí i wà nínú wọn.”

Ojú rẹ̀ ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tó sọ pé òun kò rí i.

Ó ní, “Ẹnu tó so ó ni yóò tú u. Ayafótò, mo tún bi ọ́. Kí lo ń fẹ́?”

Lọ́tẹ̀ yìí, Oyèéwùmí kò kánjú. “Mo fẹ́ rí ohun tí mo bá ń wá. Tò wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n má sọ ẹyọ kan nù láìbi mí. Èyí tí o bá tún ṣe, jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ojú méjì bá sì jọra, má pè wọ́n ní ọ̀kan títí o fi máa bi ìyá wọn.”

“Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju ti ìṣáájú lọ.”

“Ti ìṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ.”

Afojúwéra mi orí. “Ó di ṣíṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ojú tó ń jáde nílé yìí kí òmíràn má wọlé. Ojú ta ni ẹ máa fi sílẹ̀? Ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, kámẹ́rà kankan kò ní rí i mọ́ láyé.”

Oyèéwùmí la ẹnu. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Òun bímọ, ọmọ yẹn á sì fẹ́ wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìyàwó mi ti kú, n kò sì bímọ.

Mo ní, “Gba tèmi.”

“Ṣé o mọ ohun tí ò ń fi sílẹ̀?”

“N kò rí i rí, àfi nínú omi.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ mí lójú. Ó tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Nígbà tí a dé ilé, Àwẹ̀ró kò kí wa. Ó jókòó ti ẹní, ó fi aṣọ bo fèrèsé. Ó ṣí aṣọ náà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ Táyé sínú ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ wà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní lábẹ́ rẹ̀, kò sí òjìji.

Oyèéwùmí sáré wọ yàrá dúdú rẹ̀, níbi tó ti ń fọ fótò. Mo dúró tì í. Ó tún fíìmù àtijọ́ náà tẹ̀, ó ti bébà bọ inú omi, ó ń mì ín. Àga yọ. Ilẹ̀kùn yọ. Táyé yọ. Apá ọ̀tún funfun. Ó funfun síbẹ̀. Oyèéwùmí ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré méjì, aṣọ, ọrùn, àti ẹnu tó ní àbàwọ́n.

A gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú omi lára. Àwẹ̀ró wò ó. Kò ké. Ó dìde, ó lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Nígbà tó jinná, Táyé ní, “Ìyá mi, ẹ bu ti Kẹ́hìndé ná.” Ó wá jẹ tirẹ̀. Ó jẹ, ó tún béèrè. Òjìji ọwọ́ rẹ̀ ti padà sórí ilẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Oyèéwùmí ní òun fẹ́ yà mí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní rárá, bóyá iwin yẹn ń fi wá ṣeré ni. Mo wọ agbádá. Mo jókòó, mo gbé ìbọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo dì í mú. Ó wọ yàrá dúdú, ó pẹ́ kó tó jáde, kò wò mí lójú.

Àga ló yọ. Ìbọn mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣánṣán, kò fara ti nǹkan kan.

Mo ní kó bá mi fi sínú férémù. Ìbọn náà yọ dáadáa.